Nọ́ńbà Tó Ń Sọnù ní Ilé Ìwòsàn Ọmọ Ọmọ Mi

                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Ilé Ìwòsàn,
                                        Òpópónà Ilé-Ẹ̀kọ́.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, ẹlẹgbẹ́ mi lórí bẹ́ǹṣì,

Orúnkún ńkọ́? Ṣé ó ti gbà fún ọ, àbí ó ṣì ń bínú bí o bá fẹ́ gun àtẹ̀gùn? Bàbá ilé ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jà? Àbíkẹ́yìn rẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ńkọ́? Mo gbà á ládùúrà pé ìyá le, ọmọ le. Ara tèmi dá. Ọwọ́ ara mi ni mo sì fi kọ lẹ́tà yìí láti òkè délẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bá mi kọ ọ́. Ibi tí o bá rí tí wọ́n ti pa nǹkan rẹ́, èmi náà ni mo pa á rẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dé ìdí ìwé yìí. O rántí ilé ìwòsàn ọmọ ọmọ mi tó jẹ́ dókítà, èyí tí o wá nígbà tí orúnkún yẹn dà ọ́ láàmú. O rí i pé wọn kì í gba aláìsàn sùn. Wọ́n á wá láàárọ̀, a ó wò wọ́n, wọ́n á gba ilé wọn lọ. Nítorí èrò, dókítà ṣe pátákó pẹlẹbẹ ọgbọ̀n, ó kọ nọ́ńbà sí wọn láti ọ̀kan dé ọgbọ̀n. Ẹni tó bá dé á gba nọ́ńbà lọ́wọ́ akọ̀wé. Bó bá kàn án, á ju nọ́ńbà náà sínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn dókítà kó tó wọlé. Èmi ní tèmi, ẹnu ọ̀nà ìta ni mò ń jókòó, mo ń kí èrò káàbọ̀, mo ń fi àga han àwọn àgbàlagbà. Ọmọ náà ní kí n má ṣiṣẹ́ kankan. Ṣùgbọ́n ojú ò lè wà lórí kó má ríran.

Akọ̀wé yẹn ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Sìsí Onílọ́fínńdà ni mo sọ ọ́, nítorí òórùn rẹ̀ á ti dókè ọ̀nà kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ dé ni ara mi ti kọ̀ ọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín sí fóònù. Ó ń gbé àpò ńlá kan tí kì í gbé sílẹ̀, kódà bó bá ń lọ mu omi. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ọ̀rẹ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ fún àwọn àgbàlagbà bí wọ́n bá ṣe ń kọjá lọ́dọ̀ mi. Mo ní nọ́ńbà tí wọ́n bá ti gbà, kí wọ́n dì í mú ṣinṣin, kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọ yẹn rí i gbà padà lọ́wọ́ wọn.

Kò ju oṣù kan lọ tí nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù. Mẹ́fà kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni méjìdínlógún tẹ̀lé e. Sìsí á pe nọ́ńbà márùn-ún, á wá fò sí méje, ilé á sì gbóná. “Mẹ́fà ńkọ́? Ta lẹ gba ẹ̀yìnkùlé mú wọlé?” Ìyá ọlọ́mọ méjì kan fa ọmọ ẹ̀ yọ lórí àga, ó ní òun ń lọ síbi tí wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fún èèyàn. Lọ́sẹ̀ yẹn nìkan, ìdílé mẹ́rin ló bá a lọ. Mo rí ọmọ ọmọ mi tó gbé orí lé ọwọ́ lórí tábìlì, inú mi sì bàjẹ́.

Mo bá sọ ohun tó wà nínú mi. Mo ní Sìsí ló ń kó nọ́ńbà fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, kí wọ́n lè máa ṣíwájú àwọn tó ti jí dé. Dókítà ò kọ́kọ́ gbà, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ láàárọ̀, mo tún sọ ọ́ lálẹ́. Nígbà tó di pátákó mọ́kànlá tó sọnù, ó pe ọmọbìnrin náà, ó ní bí àwọn pátákó náà ò bá yọjú títí ọjọ́ Ẹtì, kó wáṣẹ́ mìíràn. Ọmọ náà sunkún. Mo ní ẹkún olè ni. Má bá mi wí, mo tiẹ̀ yọjú wo inú àpò yẹn nígbà tó fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bàtà pẹlẹbẹ ni mo rí, búrẹ́dì, àti ìwé tó fi ń kẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì. Mo ní ó ti gbé àwọn nọ́ńbà náà pamọ́ síbòmíràn ni.

Ní Ọjọ́bọ̀, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ télọ̀ wọlé. Sìsí na nọ́ńbà kan sí i. Bàbá ní òun ò gbà, òun ní tòun. Ó ṣí fìlà, ó yọ nọ́ńbà mẹ́fà.

Sìsí ní, “Bàbá, níbo lẹ ti rí i?”

“Ìwọ lo fún mi lóṣù tó kọjá. Màmá ẹnu ọ̀nà ló ní n ò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá ìwọ.”

Kó tó délẹ̀, ìyá kan fa ìdì kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀ yọ, ó ti lu ihò sí méjìdínlógún, ó so ó mọ́ ọn. Òun náà nawọ́ sí mi. Gbogbo ilé kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Mo ṣe bí ẹni ń fun imú.

Ọ̀rẹ́ mi, ìgbà náà ni mo rántí kíláàsì àgbà wa, níbi tí a ti kọ́ mọ̀-ọ́n-kọ mọ̀-ọ́n-kà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni tíṣà há nọ́ńbà fún wa, ìwọ mẹ́tàlá, èmi mẹ́rìnlá, tó ní nọ́ńbà ẹni ni orúkọ ẹni, a ò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí a ó fi gbàwé ẹ̀rí. Bẹ́ẹ̀ ni mo rò pé nọ́ńbà gbogbo rí! Ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n èmi lo oògùn náà kọjá ìwọ̀n.

Mo dìde, mo kan ilẹ̀kùn dókítà, mo sọ gbogbo rẹ̀ lójú aláìsàn tó wà níbẹ̀.

Ọmọ ọmọ mi ní, “Màmá Àgbà, ẹ̀yin lẹ ní kí n lé e.”

“Èmi ni mo ní kí o lé e. Èmi náà ni mo ní kí o má lé e mọ́.”

Mo bẹ Sìsí lójú gbogbo èrò. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó gbé apẹ̀rẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹni tó ní kí wọ́n kó nọ́ńbà lọ ni kó máa gbà á.” Iṣẹ́ mi nìyẹn báyìí, lẹ́nu ilẹ̀kùn dókítà. Lọ́fínńdà yẹn ṣì pọ̀ jù, ṣùgbọ́n mo ti pa ẹnu mọ́.

Mo ti ya ilé kiri, mo ti gba mẹ́wàá padà. Ó ku ẹyọ kan, mẹ́tàlá. Mo sì rántí obìnrin kan tí mo pa ọwọ́ rẹ̀ dé lórí nọ́ńbà náà níjọ́ tí orúnkún mú un wá, tó ń yọ̀ pé, “Háà, mẹ́tàlá mi àtijọ́ rèé!”

Bá mi kí bàbá ilé àti ìyá ọmọ tuntun. Fi pátákó náà rán ẹni tó bá ń bọ̀ lọ́nà ibí. Má sì sọ fún mi pé o ò rí i. Wo abẹ́ ìwé ẹ̀rí rẹ nínú àpótí, torí abẹ́ tèmi ni mẹ́rìnlá tí tíṣà há fún mi wà di òní.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó mọ̀ ọ́ dénú,
Màmá Ẹnu Ọ̀nà