Ogun Wa Nínú Ìwé Mẹ́ta

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta, 2014
Alágbòòrùn, ọ̀gá iléèwé wa tí kì í gbé agbòòrùn rẹ̀ sílẹ̀ kódà nínú ilé, ní kí n kọ́ kíláàsì kẹjọ ní ìtàn ogun Bougainville, erékùṣù wa. Kí n má gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ará Rabaul ni, kì í ṣe ọmọ erékùṣù wa, kí ló kàn án?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Ìwé ìjọba, tó ti Moresby olú-ìlú wá: àwọn ọmọ ogun inú igbó tó ń bá ìjọba jà ló pa àwọn èèyàn wa létí òkun. Ìwé àwọn ti inú igbó: rárá, àwọn tó gbè sẹ́yìn Moresby ni. Bàbá mi wà lára àwọn òkú yẹn. Mi ò tíì mọ̀rọ̀ọ́ sọ nígbà náà. Títí dòní, mi ò mọ ẹni tó pa á.

Ọjọ́rú, 5
Ìwé kẹta, ti ọ̀mọ̀wé Australia kan. Ó nípọn bíi búrẹ́dì. Etí òkun wa gba ìlà kan: "kò dájú". Ẹ ṣeun o, ọ̀mọ̀wé.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo lọ bá Noruka, ẹ̀gbọ́n Màmá tó tọ́ mi dàgbà. Inú igbó ló ti jà. Mo bi í ní ohun tí àwọn tọ̀hún ṣe fún wọn. Ó ń jẹ búáì, èso tí a máa ń jẹ lẹ́nu bí obì, ó tu itọ́ pupa, ó ní òjò máa rọ̀. Mo ré kọjá sọ́dọ̀ Kepas, aládùúgbò wa tó gbè sẹ́yìn Moresby. Ìbéèrè kan náà. Òun náà — òjò. Oòrùn sì ń jó mi lágbárí! Àgbàyà méjì.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Màmá fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣé mi ò rántí pé àwọn méjèèjì ti ṣẹ́ ọfà níwájú ara wọn láti parí ìjà, tí wọ́n sì ti gba búáì lọ́wọ́ ara wọn jẹ? Ẹni tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ ò gbọdọ̀ dárúkọ ohun tí ẹnì kejì ṣe mọ́. Ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nìkan ló lè sọ. Òdì ni mo bi wọ́n. Olùkọ́ àgbà!

Ọjọ́ Àìkú, 9
Mo ti bi wọ́n bó ṣe yẹ. Wọ́n ń bọ̀ lọ́la. Alágbòòrùn ní kí wọ́n má mú àdá wọ kíláàsì.

Ọjọ́ Ajé, 10
Kepas ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Òun ló júwe abúlé àwọn Noruka fún àwọn sójà Moresby. Wọ́n dáná sun ún. Ó dárúkọ àwọn tó jóná. Àwọn ọmọ ń kọ ọ́ sílẹ̀, inú mi ń dùn. Ẹ̀kọ́ ń lọ.

Noruka dìde. Ó kọ̀, kò wojú mi.

"Létí òkun, èmi ni mo yìnbọn. Bàbá olùkọ́ yín, ọkọ àbúrò mi, ń gbé ìrẹsì lọ fún àwọn sójà. Mo mọ̀ pé òun ni."

Ọmọbìnrin kan béèrè bóyá káwọn kọ ìyẹn náà. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́.

Mo délé, mo bi Màmá bóyá ó mọ̀. Ó ń bu ọ̀dùnkún sábọ́.

"Èmi àti òun náà ti ṣẹ́ ọfà tiwa, mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń retí kó fẹnu ara ẹ̀ sọ fún ẹ."

Ó na abọ́ sí mi. Oúnjẹ Noruka ni, kí n gbé e lọ fún un bí mo ṣe máa ń ṣe.

Mo gbà á. Ó ti tutù síwájú mi níbí, mi ò tíì dìde.