Ọkọ̀ Tí Kò Mọ̀ Ju Apá Ọ̀tún Lọ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Adájọ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín lórí ìdúró, kó má bá ẹnikẹ́ni lórí ìdùbúlẹ̀. Àwa náà ń bẹ láàyè, ara wa le, àfi eékún mi tó máa ń bá mi ṣàwàdà nígbàkigbà tí òjò bá fẹ́ rọ̀.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní Onígbàjámọ̀ àdúgbò wa pè ọ́, ó sọ fún ọ pé bàbá rẹ já sómi, o sì ti dájọ́ pé kí a ta ọkọ̀ ojú omi náà kí oṣù yìí tó parí. Ọmọ mi, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. O ò tíì gbọ́ tẹnu mi. Fara balẹ̀ kà á.

Ìwọ náà mọ bí ilé yìí ṣe rí kí rọpárọsẹ̀ tó fọwọ́ ba bàbá rẹ. Láti ìta la ti ń gbọ́ ohùn wọn, tí wọ́n ń bú ìṣó tó wọ́, tí wọ́n ń bá rédíò jiyàn. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ti bọ̀ sípò, a dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni kò yá mọ́. Dókítà ní bí wọ́n bá ṣe ń sọ ọ́ ni yóò máa já geere sí i, ṣùgbọ́n ìtìjú ò jẹ́. Lọ́jọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀ kan náà yìí, bàbá rẹ ń wá ọ̀rọ̀ kan, oníbàárà kan tó wá gẹrun bá wọn parí rẹ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni bàbá rẹ ti panu mọ́. Orí ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Mo wá di ẹni tó ń bi ara rẹ̀ léèrè, tó sì ń dá ara rẹ̀ lóhùn nínú pálọ̀. Ó dùn mí, ọmọ mi. Àárò ohùn ọkọ mi ń sọ mí, bẹ́ẹ̀ la jọ ń gbé inú ilé kan náà.

Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ níbi iṣẹ́ káfíńtà wọn, mi ò bèèrè ohunkóhun. Inú mi dùn pé wọ́n rí nǹkan fọwọ́ ṣe. Nígbà tó yá, wọ́n gbé aṣọ kan lé mi lẹ́sẹ̀, wọ́n nàka sí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Èmi ni kí n rán ìgbòkun, ìyẹn aṣọ tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí tí ọkọ̀ fi ń lọ. Kí ni kí n mọ̀ nípa ìyẹn, èmi tí mo ń rán aṣọ ìyàwó? Mo fi láínì sí i nínú, mo ṣẹ́ etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo fi sitáàṣì sí i, mo sì lọ̀ ọ́ títí ó fi dá dúró lórí tábìlì. Ó ku kí n rán bọ́tìnnì sí i.

Tèmi ṣì kéré. Bàbá rẹ, tó jẹ́ pé ilẹ̀kùn ni wọ́n ti ń kọ́ láti ìgbà èwe, ṣe ìtọ́kọ̀, ìyẹn pákó ìdí ọkọ̀ tí a fi ń darí rẹ̀, bí ẹni ṣe ilẹ̀kùn. Wọ́n fi híńjì gbé e, wọ́n ṣe férémù fún un, wọ́n tún kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ férémù kó má baà kọjá ibi tó yẹ kó tì sí. Ó ń ṣí, ó ń tì, kò dún rárá. A ò mọ̀ pé ọkọ̀ tí ìtọ́kọ̀ rẹ̀ bá ń ṣí sí apá kan, apá kan náà ni yóò máa yà sí. Gbogbo ìgbà tí bàbá rẹ bá fẹ́ yà sósì, ìtọ́kọ̀ á ní òun ti tì.

Báyìí la ṣe bọ́ sórí adágún, èmi láàárín, bàbá rẹ lẹ́yìn, àwa méjèèjì nínú ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Kọ ìyẹn sílẹ̀, Adájọ́. Atẹ́gùn fẹ́, ọkọ̀ sáré, mo sì hó yèè bí ọmọdé. La bá yà sọ́tùn-ún. A tún yà sọ́tùn-ún. Igi kan wà létí omi tí a kọjá lára rẹ̀ títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kí i. Apẹja kan wò wá títí, ó wá ké sí wa pé, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé nǹkan yín kan ló bọ́ sómi tí ẹ ń wá ni?" Bàbá rẹ mi orí, wọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ibẹ̀ la wà tí atẹ́gùn fi yí padà. Igi gbọọrọ tó di ìsàlẹ̀ ìgbòkun mú ń fì bọ̀ wá sí orí mi, mi ò sì rí i. Bàbá rẹ dìde dúró, wọ́n ké tantan pé, "Ìyàwó mi, bẹ̀rẹ̀!" Mo bẹ̀rẹ̀. Igi kọjá lórí mi, ó gbá bàbá rẹ léjìká, wọ́n já sómi gbàmù!

Mi ò ní purọ́ fún ọ, ọkàn mi fò lọ. Mo ń sunkún, mo ń pe Ọlọ́run. Ìgbà tí n ó tún wò, bàbá rẹ ti dìde, omi ò kọjá ìbàdí wọn, nítorí yíyí tí ọkọ̀ ń yí po ti gbé wa sún mọ́ etí omi. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Wọ́n kọjú sí apẹja yẹn, àjèjì pátápátá, wọ́n wá ọ̀rọ̀ náà, wọ́n wá a, wọ́n rí i. Wọ́n ní, "Kò tíì... bọ́... nígbà yẹn. Ó ti... bọ́ báyìí." Apẹja náà dúró kí wọ́n sọ ọ́ tán kó tó bú sẹ́rìn-ín, ó sì rín in títí ó fi jókòó. Gbogbo ọ̀nà délé ni bàbá rẹ fi bá mi jà. Wọ́n ní láínì mi ló mu omi yó tó fi wúwo. Mo ní ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n so mọ́ ọkọ̀. Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí ìjà kan ti dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Onígbàjámọ̀ ò purọ́ fún ọ. Àmọ́ ta lo rò pé ó sọ fún un? Bàbá rẹ ni. Wọ́n dá lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sẹ́ni tó bá wọn parí rẹ̀.

Ẹ̀rù tó ń bà ọ́, ó ń ba èmi náà. Wọ́n ti tún ìtọ́kọ̀ ṣe, apẹja yẹn sì ti gbà láti máa bá wa lọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní ta ọkọ̀ náà, jọ̀wọ́ má tún sọ ọ́. Bí o bá pè lọ́jọ́ Àìkú, èmi kọ́ ni n ó gbé fóònù. Bàbá rẹ ní àwọn ni àwọn máa gbé e. Ọ̀rọ̀ á máa falẹ̀ díẹ̀. Má bá wọn parí rẹ̀. Dúró dè wọ́n.

Kí omi má gbé yín, kí iná má jó yín. Ẹ ó pẹ́, ẹ ó sì máa rí ara yín bá sọ̀rọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ, aránṣọ àti aránṣọ-ọkọ̀.

Àfikún: Bàbá rẹ ti ka lẹ́tà yìí. Wọ́n ní kí n fi kún un pé láti ọjọ́ tí àwọn ti ń ṣe ilẹ̀kùn, kò sí èyí tó tì dáadáa tó ìtọ́kọ̀ yẹn.