Ilẹ̀ Ló Lọ̀nà: Fún Bàbá Túnbọ̀sún

Ẹ sún mọ́ mi o, ẹ̀yin ọmọ àti ará àdúgbò! Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kó wọlé; ẹni tó pọn ọmọ, kó jókòó. Bàbá Túnbọ̀sún ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Reuben ọkọ mi, ọdún márùn-ún rèé tí ẹ ti lọ! Ọdún márùn-ún! Lójú àlá ìdájí àná, mo rí yín nínú ọkọ̀ ogun onírin tí ẹ wà nígbà ogun abẹ́lé. Ó ń léfòó bí ọkọ̀ ọpọ́n, ó ń lọ sí erékùṣù Snake Island lójú ọ̀sà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹrẹ̀ kankan ò sí lára táyà rẹ̀. Ẹ sì ń kọ orin yín:

Rọra, irin, rọra o,
Ilẹ̀ ló lọ̀nà.

Ìtàn yín ò kúrò létí mi. Ọkọ̀ mọ́kànlá tò lọ sójú ogun nínú òjò oṣù keje. Ti iwájú rì, mẹ́wàá tó kù dúró bí ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Lọ́rì epo wà lódìkejì odò, oúnjẹ tún wà lẹ́yìn epo. Ọ̀tá ò tíì yìnbọn kan, òjò ti borí yín! Ọ̀gá yín ń pariwo, "Ẹ tì í!" Ẹ̀yin ní, "Ọ̀gá, ẹrẹ̀ ò mọ ọ̀gá."

Àṣé ẹ̀kọ́ fún kíkọ́ ilé wa ni! Ọdún tó tẹ̀lé ikú yín, àwọn onílẹ̀ ní bí ilé ò bá dúró lórí àbàtà wa l'Ájégúnlẹ̀ kí Kérésìmesì tó dé, àwọn á gbà á padà. Ilẹ̀ tí ẹ fi owó ìfẹ̀yìntì rà! Túnbọ̀sún ọmọ wa kánjú, ó mú típà búlọ́ọ̀kù wọ àbàtà nínú Júùnù. Gbìì! Ó rì dé ìdí. Monday aládùúgbò wa rẹ́rìn-ín: "Mama, una don plant lorry! When e go germinate?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì bú sí orin yín. Mo ní ká dúró de ìgbà tí òjò máa ń sinmi díẹ̀ nínú Ọ́gọ́ọ̀sì. A da iyẹ̀ pákó sílẹ̀ àpò-àpò, a to pákó lé e. Típà tí wọ́n ti fà yọ dúró sórí títì Olodi-Apapa, ọmọlanke ló ń gba orí pákó kó búlọ́ọ̀kù wọ àbàtà díẹ̀díẹ̀. Oúnjẹ ni mo kọ́kọ́ gbé síwájú: ìkòkò ẹ̀wà méjì, kí ẹnikẹ́ni tó mú ṣọ́bìrì. Monday gan-an ru búlọ́ọ̀kù!

Òjò padà dé, ó bá ìpìlẹ̀ lórí ìdúró. Ní Nòfẹ́ńbà, a kan páánù. Àwọn onílẹ̀ wá, wọ́n wòkè, wọ́n lọ. Ilé yín rèé o! Inú rẹ̀ la wà! Kíkẹ́lọmọ, ìyàwó Túnbọ̀sún, ti tọ́ ọmọ méjì nínú yàrá iwájú. Túnbọ̀sún ti ń bi ilẹ̀ léèrè kó tó tẹ̀ ẹ́.

Òjò ń jó lórí páánù yín báyìí. Gbogbo wa ti jẹ ẹ̀wà, Monday jẹ ẹ̀ẹ̀mejì. Àwọn ará àdúgbò ń gba orí pákó wa lọ sílé lọ́kọ̀ọ̀kan, ikùn kún, ẹsẹ̀ gbẹ. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń kọrin tẹ̀lé wọn.

A ò gbàgbé yín, ọkọ mi. Ìfẹ́ yín ò rì. Ẹ rọra máa wà á lọ o.

Ìyá Túnbọ̀sún
Ajégúnlẹ̀, 1992