Àgùntàn Kan fún Kursan

Èmi, Askan ọmọ Tuldik, ẹni tó ti ń ṣe ọrun fún àwọn ẹlẹ́ṣin Húnì láti ogójì ọdún, ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí nínú àgọ́ mi létí odò Tísà. Ọpọlọ mi pé. Ọwọ́ mi nìkan ló ń gbọ̀n. Àwa Húnì kì í kọ̀wé. Donatu, ará Róòmù tí a kó lógun, ló ń bá mi kọ ọ́, nítorí pé Kursan ọmọ mi a máa gbàgbé ohunkóhun tí kò bá wù ú.

Mo fi Eskan, olórí àwọn ẹlẹ́ṣin àgọ́ yìí, ṣe alámòójútó ogún mi. Eskan, jọ̀wọ́, má fẹnu kan wàrà ẹṣin kíkan tó ń pa ọ́ bí ọtí títí wàá fi pín in tán.

1. Abo ẹṣin méjìlá tó ní àmì mi lára, mo há wọn fún Kursan, àkọ́bí mi, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Àwọn ẹṣin náà gbọ́n jù ú lọ, wọn yóò mójú tó o.

2. Ọrun bàbá mi, mo há a fún Kursan bákan náà, ní ìlàjì méjì tó sọ ọ́ dà. Ọrun wa tí a kò tíì so ọsán, okùn rẹ̀, mọ́ a máa ká sẹ́yìn. A ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ lòdì sí bó ṣe ká, kí a tó so ó. Ọmọ ọdún mẹ́fà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kursan so ọsán mọ́ ọn bó ṣe ká, ó fà á, ó sì ṣẹ́. Ó wá yíjú sí mi: "Bàbá, ọrun yín yìí ti gbó o!" Wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Mo kọ́ ọ o.

3. Àgùntàn ọlọ́ràá kan, mo há a fún Kursan, kí ó lè rí ẹ̀jẹ̀ tí yóò fi ṣọ̀fọ̀ mi. Nígbà tí Ọba wa tí ayé ń gbọ̀n fún kú, gbogbo ọkùnrin fi ọ̀bẹ ya ẹ̀rẹ̀kẹ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ la fi ń sunkún irú jagunjagun bẹ́ẹ̀, kì í ṣe omijé. Kursan ló ké jù. Lọ́jọ́ kejì ó bọ́jú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán bí ti ọmọ tuntun. Mo sì rí àgùntàn kan lẹ́yìn àgọ́ tí wọ́n ti gún létí. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Àbí kí ni àwọn ọmọ Ọba fi sàn jù ú? Inú àwo igi ni bàbá wọn ti jẹun, ó sì gba ayé. Inú fàdákà làwọn ti ń jẹ, wọ́n ń ṣẹ́ kèké lórí odidi ìlú bí ẹni ń pín ẹran. Ayé kò gbọ̀n fún wọn mọ́.

4. Ìkòkò àtè tí a fi ń lẹ ọrun pọ̀, ọ̀bẹ, ìwo àti iṣan ẹran tí mo sá gbẹ, mo há wọn fún Vitalia, obìnrin Róòmù tí mo kó lẹ́rú ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Láti ọdún márùn-ún n kò ṣe ọrun kankan. Òun ló ṣe gbogbo èyí tí ẹ ń pè ní ọrun Askan. Eskan, tìrẹ náà wà níbẹ̀; má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo gba ìyìn rẹ̀ mo sì dákẹ́, ojú sì ń tì mí. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò sọ fún un rí.

5. Vitalia fúnra rẹ̀ kò sí nínú ogún mi. Kursan ti ń bá àwọn oníṣòwò etí odò dúnàádúrà lórí rẹ̀, mo gbọ́ ọ létí ara mi: "Ẹ ṣáà jẹ́ kí bàbá dákẹ́ ná, ẹ ó mú un lọ." Nítorí náà, mo dá a sílẹ̀ lówùúrọ̀ òní lójú Eskan, mo fún un ní ẹṣin dúdú mi, mo ní kó máa lọ sílé. Kursan, kò sí ohun tí wàá tà.

Ó gun ẹṣin, ó lọ. Kí oòrùn tó dé àtàrí, ó ti padà. Mo bi í pé kí ló gbàgbé. Ó ní, "Àtè yín ṣì wà lórí iná. Ta ló máa rò ó?"

Bí ó bá fi omijé lásán sunkún mi, kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín. Ìyẹn tó mi.

Mo fi àmì ẹṣin mi sí i, ní ìgbà ìkórè, ọdún kejì tí Ọba wa ti wọlẹ̀.

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Eskan, olórí ẹlẹ́ṣin.
Donatu, akọ̀wé.
Vitalia, obìnrin òmìnira, ẹni tó di ọwọ́ mi mú kí àmì yìí má baà wọ́.