"Mo Ti Gbọ́" Kì Í Ṣe Èsì

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Inú yàrá yín ni mo jókòó sí, létí fèrèsé tó kọjú sí ọ̀nà Ìtẹ̀lé, mo ń kọ lẹ́tà sí ẹni tí kò ní àdírẹ́sì mọ́. Ọyẹ́ ti dé. Láàárọ̀ yìí, kùrukùru bo gbogbo òrùlé, èéfín àwọn ilé iṣẹ́ ní Sàngó sì dà pọ̀ mọ́ ọn títí ojú ọ̀run fi rí bí ẹ̀kọ mímu. Mò ń gbọ́ bàálù lókè, n kò rí i. Ohùn rẹ̀ kàn ń lọ jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ẹnìkan ń wọ́ àpótí kọjá ní yàrá kejì.

N kò lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ní kí n ṣì jókòó sílé ná. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín fúnra mi, kí ẹ má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, torí mo mọ̀ pé kò sí ibi tí olófòófó kì í dé.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi: inú ilé gogoro ní pápákọ̀ òfurufú ni mo máa ń wà, tí mo ń fi rédíò sọ fún àwọn awakọ̀ bàálù ìgbà tí wọn yóò bà àti ìgbà tí wọn yóò gbéra. Òfin kan wà níbẹ̀ tí inú yín dùn sí jù lọ́jọ́ tí mo ṣàlàyé rẹ̀. Ohunkóhun tí mo bá ní kí awakọ̀ ṣe, ó gbọ́dọ̀ tún un sọ fún mi látòkèdélẹ̀, èmi náà sì gbọ́dọ̀ tẹ́tí, kí n mọ̀ bóyá bí mo ṣe sọ ọ́ ló gbà á. Ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi ń wúkọ́. Ẹ ní àṣé òyìnbó ti jí òfin ilé yín gbé!

Ilé yín ni mo ti kọ́ ọ lóòótọ́. Ogún ọdún lẹ fi ń fọwọ́ júwe fún awakọ̀ kíréènì nílé iṣẹ́ irin, níbi tí ariwo kì í ti í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Tí ẹ bá da àtẹ́lẹwọ́ délẹ̀, kó rọra sọ irin kalẹ̀. Tí ẹ bá di ẹ̀ṣẹ́, kó dúró. Awakọ̀ náà gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ tirẹ̀ ṣe ohun kan náà padà sí yín kí irin tó mira. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan kàn mi orí dípò kó dá ọwọ́ padà, ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ yín, Bàbá Alápòtí, ló lọ sí i. Láti ìgbà náà, bí ẹ bá rán mi lọ ra iyọ̀, n kò lè kọjá ẹnu ọ̀nà àfi tí mo bá tún iṣẹ́ náà jẹ́ fún yín: iyọ̀ ni, ọ̀dọ̀ Ìyá Ìgbẹsà ni, n kò gbọdọ̀ dúró wòran ìjà. Inú máa ń bí mi! Ọmọ kékeré ń ka iyọ̀ bí ẹni ń ké kéwú.

Ẹ̀yin náà lẹ fi ojú ọ̀run hàn mí. Tí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé. Bí àwọn bàálù bá ń sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó da àtẹ́lẹwọ́ délẹ̀, ẹ ó sì máa rọra sọ wọ́n kalẹ̀. Mo gbà tọkàntọkàn pé ẹ̀yin lẹ ń mú wọn balẹ̀. Kí ló dé tí ẹ kò sọ òótọ́ fún mi?

Bàbá, ọ̀sẹ̀ méjì rèé, mo ṣe àṣìṣe. Ọ̀sán gangan ni. Mo ní kí bàálù kan tó wà nílẹ̀ dúró létí títì tí wọ́n ń bà sí, torí òmíràn ń bọ̀ lókè. Bí awakọ̀ náà ṣe ṣàlàyé lẹ́yìn náà, ó rò pé mo ti ní kó bọ́ sójú títì. Ó tún un sọ fún mi bẹ́ẹ̀, bí òfin ṣe wí, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni awakọ̀ mìíràn tẹ rédíò tirẹ̀. Ohùn àwọn méjèèjì kọlu ara wọn, gbogbo rẹ̀ hó ṣììì létí mi. Ìparí nìkan ló já geere, pé àwọn ti gbọ́. Ó yẹ kí n ní kó tún un sọ. Àwọn mìíràn ń pè mí, mo fi ìyẹn ṣe èsì, mo kọjá lọ. Ẹni tó ń bọ̀ lókè ló rí bàálù lójú títì tó sì fa tirẹ̀ sókè padà. Kò sẹ́ni tó fara pa.

Híhó yẹn àti ìparí rẹ̀ nìkan ló wà nínú téèpù tó ń gba ohùn wa sílẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà fẹ́ kí n kọ ohun tí etí mi gbọ́. Ọ̀gá mi kan, tó fẹ́ràn mi, gbà mí nímọ̀ràn pé kí n kọ ọ́ pé mo gbọ́ èsì náà ketekete, pé awakọ̀ náà ní òun yóò dúró, kó tó wá ṣe tinú rẹ̀. Bí mo bá kọ bẹ́ẹ̀, ó tán fún ọkùnrin náà. Bí mo bá kọ òótọ́, wọ́n lè gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi. N kò rí ojú awakọ̀ náà rí. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, ohùn àgbàlagbà tó máa ń kí mi kú iṣẹ́ kó tó lọ.

Lánàá, lẹ́yìn ìrun Alásàrì, oorun gbé mi lọ lórí bẹ́ǹṣì yín. Mo rí kíréènì yín tó dúró sójú sánmà, àwọn bàálù so rọ̀ lára ẹ̀wọ̀n rẹ̀, wọ́n ń mì lẹ́lẹ́ bí aṣọ tí wọ́n sá. Ẹ dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú akoto yẹ́lò yín, ẹ júwe ọwọ́ sí mi. Ó kù kí n dá a padà, ọwọ́ mi wúwo, kò gbé. Ẹ kò bínú. Ẹ kàn dúró, ẹ ń wò mí. Kí n tó gbé ọwọ́, mo ti jí.

Mo mọ ohun tí ẹ ń dúró dè. Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn ayé yín, ẹ pè mí níbi iṣẹ́, ẹ ro ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹẹsẹ, mo ní mo ti gbọ́, mo sì pa fóònù. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí ẹni tí ẹ rán níṣẹ́ kọjá ẹnu ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí n lọ. Ṣé ó ti rẹ̀ yín ni, àbí ẹ rò pé mo ti dàgbà? Mo gbàgbé pátápátá láti wá. Ẹnu Màámi ni mo ti wá mọ̀ pé ẹ gbé àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ sì jókòó tì í títí di Mọ̀ǹgàríbà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹ kò jí mọ́. Ó dùn mí, Bàbá. Kò sí ọjọ́ tí kò dùn mí.

Mo ti kọ ìwé náà. Ó wà nínú àpò ìwé lórí bẹ́ẹ̀dì yín níbí. Mo kọ ọ́ pé ariwo ni mo gbọ́, n kò sì ní kí awakọ̀ tún un sọ. Mo mọ̀ pé òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, ẹ̀rù sì ń bà mí, torí n kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Lọ́jọ́ Ajé, èmi fúnra mi ni màá gbé e lọ.

Ó wá ku iṣẹ́ tí ẹ rán mi. Ẹ ní kí n wá lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Ẹ ní kí n má gba Sàngó, ọ̀nà ti bàjẹ́, kí n gba Ìtẹ̀lé. Kí n ra bátìrì méjì fún rédíò yín, olórí ńlá. Kí n má ra búrẹ́dì, eyín ń dùn yín. Kí n wá jókòó tì yín níta, kí a jọ wo bàálù bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ṣé bí ẹ ṣe rán mi nìyẹn, Bàbá?

Èmi ni,
ọmọ yín tó ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà.