Ọjọ́ tí Ọkọ̀ Yín Hó Lọ́nà Àgbádárìgì

Bàbá mi àtàtà,

Ara mi kò balẹ̀ láti ìjẹta. Mo jókòó, mo dìde, mo tún lọ fọwọ́ kan iwájú ọkọ̀ bọ̀lẹ́kájà tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi, bí ẹni ń wo ara aláìsàn.

Ṣadé, àbúrò mi, ni ìrọbí mú ní Àjídò. Èmi àti Máutìn ọkọ rẹ̀ gbé e sọ́kọ̀, a forí lé ilé ìwòsàn Àgbádárìgì. Mo ti yẹ omi rédíétọ̀ wò láàárọ̀ kí ẹ́ńjìnì tó gbóná, bí ẹ ti máa ń ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ bóyá omi ń kán, mo fọwọ́ tẹ àwọn rọ́bà omi wò. Síbẹ̀, a kò tíì rìn jìnnà tí ooru fi ń tú yàà níwájú. Mo pa ẹ́ńjìnì.

Máutìn bẹ́ sílẹ̀, ó nawọ́ sí ìdérí rédíétọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká ṣí i, ká da omi sí i! Ìyàwó mi ń kú lọ!"

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Omi inú ẹ̀ ń hó, á bó ẹ lójú. Àfi tó bá tutù."

Ṣadé ń pariwo lẹ́yìn, orúkọ yín ló ń pè. Bàbá, kí ni ẹ̀ bá ṣe?

Àwọn obìnrin tó ń gbé ẹja yíyan bọ̀ sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n fi ìró ṣe ìbòòji fún un. Kí ẹ́ńjìnì tó tutù, mo gbọ́ igbe ọmọ.

Mo wá rí i pé ọ̀kan nínú àwọn rọ́bà omi ti ya, mo fi tíúbù kẹ̀kẹ́ wé e. Mo ká àkísà lé ìdérí, mo gbójú sẹ́yìn, mo rọra yí i díẹ̀ kí ooru tó kù lè jáde, kí n tó ṣí i tán, kí n sì bu omi sí i díẹ̀díẹ̀.

A dé ilé ìwòsàn, dókítà òyìnbó sì ti yẹ̀ wọ́n wò. Ara ìyá le, ara ọmọ le. Abíọ́nà la sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Máutìn kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo ti di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Lọ́la ni mo máa gbé wọn padà sílé. Mo ti ra rọ́bà tuntun. Mo dè é, mo tú u, mo tún un dè. Bàbá, nígbà tí ẹ bá dúró ti ọkọ̀ tó ń hó, tí ẹ ń bá àwọn èrò ṣàwàdà, ṣé ẹ̀rù ń bà yín náà ni?

Èmi ni,
àkọ́bí yín, tí àárò yín ń sọ.