Àdúrà Ọmọkùnrin àti Ẹ̀jẹ̀ Tó Dì

                                        Ilé Ọlágúnjú,
                                        Glenn Dale, Maryland,
                                        Amẹ́ríkà.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 2025.

Èyíwùnmí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ Màmá ti ń fúyẹ́? Ara tèmi náà ti ń yá, àmọ́ díẹ̀ ló kù kí o máa wá fọ́tò mi tó dára kiri láti fi kọ "Sùn un re o" sórí Facebook.

O mọ̀ pé ọmọbìnrin méjì tí mo bí ti tó mi, mo sì ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Joel ọkọ mi nìkan ló mọ̀ níbí, ẹ̀rù ìyá rẹ̀ sì ń bà á jù mí lọ. Àwọn ìyá ìjọ wa bá pe ààwẹ̀ gbígbẹ, èyí tí omi ò gbọ́dọ̀ kan ẹnu, kí Ọlọ́run lè fún mi ní ọmọkùnrin. Ìyá ọkọ mi, tó wá kí wa láti Ìbàdàn, jókòó níwájú, ó ń ṣe àmín. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé mi ò bá wọn gbà á? Ní ìrọ̀lẹ́ tí mo bá ṣínu, oògùn yẹn ni mo kọ́kọ́ ń gbé mì.

Kò pẹ́ tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi bí ẹni pé wọ́n ń gúnyán nínú rẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ ní ọ̀tá ló ń bá mi jà, kí n fi ọjọ́ díẹ̀ kún ààwẹ̀ náà. Ìgbà tí mo wá ń rí Joel ní méjì ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti burú, torí ẹyọ kan ṣoṣo gan-an ti pọ̀ fún mi. Ó gbé mi lọ sí ọsibítù, ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé wa.

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi. Dókítà ní ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní díì-dáímà, tó máa ń pọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dì nínú ara, pé tèmi ti kọjá ààlà. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ò lè sọ ibi tó ti dì, ni wọ́n bá ya àwòrán orí mi. Inú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò ní ọpọlọ ló wà. Ó lè fọ́ mi lójú, ó sì lè pa mí. Dókítà wá bi mí bóyá mò ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, torí ó wà lára ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, pàápàá tí omi ò bá sí lára.

Ìyá ọkọ mi ń wò mí. Joel ń wo ilẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an, Èyíwùnmí. Mo wá rò ó pé tí mo bá kú, Joel á fẹ́ ẹlòmíì tó máa bí ọkùnrin fún wọn, inú sì bí mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mò ń lò ó.

Wọ́n dá oògùn náà dúró, wọ́n ń gún mi ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, wọ́n sì ní kí n máa mu omi. Bí Joel ṣe jáde lọ ra kọfí, ìyá rẹ̀ dìde. Ó bu omi fún mi.

"Mu ún," ó ní. "Èmi náà lò ó, bàbá Joel ò mọ̀ títí ó fi kú. Joel nìkan ni mo bí. Ṣé o rò pé àdúrà ni ò tó?"

Bá mi kí gbogbo ilé, pàápàá Màmá. Ìyá ọkọ mi ní kí n kí ọ, kí o sì máa mu omi.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí ò tíì kú,
Mobáyọ̀.